Ẹ Má Fi Ọjọ́ Kan Ṣoṣo Wọn Ọmọ Tuntun

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí àjèjì létí ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí gbogbo wa mọ̀, bí kò ṣe èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé mọ́yà sáré, tí wọ́n ń dé akoto sórí, tí wọ́n sì ń forí sọ ara wọn bí àgbò. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ẹni tó bá ti gba ọmọ iṣẹ́ rí, ẹni tí wọ́n bá ti fa olùkọ́ tuntun lé lọ́wọ́ rí pé kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, yóò rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: ọmọ tuntun dé, ó ṣe dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ni ọjọ́ kan náà lè sọ fún wa nípa rẹ̀, kí sì ni kò lè sọ?

Ogudu ni mo ń gbé, ní ìhín Òjótà. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, nítorí ó bímọ. Bí ẹ bá dé ilé àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ní oṣù náà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n ń sọ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń sọ lálẹ́. Ọkọ ọmọ mi ni ó jókòó tì mí nídìí tẹlifíṣọ̀n tó ń là á yé mi. Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo ni ó ń borí. Ó ní, “Bàbá, ẹni tó bá borí lónìí kò já mọ́ nǹkan kan. Eré ìmúrasílẹ̀ ni. Wọn kì í ka àmì rẹ̀ mọ́ ti líìgì.” Mo ní bí wọn kò bá ka àmì rẹ̀, èé ṣe tí àwọn géńdé yìí fi ń pa ara wọn báyìí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Oúnjẹ wọn ni wọ́n ń wá, Bàbá.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú líìgì ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní NFL. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa kó ènìyàn bí 90 jọ sí ibùdó ní oṣù keje, ṣùgbọ́n kí eré gidi tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 53 péré ni orúkọ wọn yóò kù nínú ìwé. Wọ́n a mú díẹ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù pé kí wọ́n máa bá àwọn dánra wò. Àwọn yòókù yóò di ẹrù wọn. Eré mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fi dán wọn wò nígbà tí mo wà níbẹ̀. Láti ọdún 2021 ó ti di mẹ́ta. Nínú wákàtí díẹ̀ wọ̀nyí ni olùkọ́ni yóò ti pinnu ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré náà hàn yín ní kúkúrú. Ènìyàn 11 ní ìhà kìíní, 11 ní ìhà kejì. Àwọn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní ọ̀pá 10, irú ọ̀pá tí a fi ń wọn aṣọ lọ́jà gan-an. Ẹnì kan wà láàrin wọn tó ń darí eré. Òun ni yóò ju bọ́ọ̀lù tàbí kí ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ajubọ́ọ̀lù. Níwájú rẹ̀, ní ìhà àwọn tí ń dènà, àwọn òmìrán kan tò bí ògiri. Ẹni tó wà ní ìparí ògiri náà, lọ́tùn-ún tàbí lósì, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Defensive end ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀ṣọ́ etí ìlà.

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀ṣọ́ yìí ní. Èkíní ni pé kí ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó dí i lọ́nà, kí ó sì gbé ajubọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni àwọn èrò ìwòran ń pariwo lé lórí, láti ọdún 1982 ni líìgì sì ti ń ka iye rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé. Èkejì ni pé kí ó di etí ìlà mú, kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Kò sí ẹni tí ń pàtẹ́wọ́ fún iṣẹ́ kejì yìí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ilé ti wó.

Nígbà tí mo ti mọ èyí, ọkọ ọmọ mi wá fi àwòrán eré àtijọ́ kan hàn mí. Ti ọmọ Gánà kan ni, Ezekiel Ansah, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ziggy. Accra ni wọ́n ti bí i. Ní 2008 ó lọ sí ilé-ìwé gíga Brigham Young ní ìpínlẹ̀ Utah. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ó fẹ́ gbá; wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá wọn sá eré ìje. Ọdún 2010 ni ó tó darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń wọ aṣọ ààbò wọn. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2013, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń ṣa ọmọ tuntun, òun ni ẹni karùn-ún tí wọ́n mú. Ẹgbẹ́ Detroit Lions ni ó mú un. Àwọn tó mọ eré náà ń sọ pé ara rẹ̀ dára, agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò tí a kò tíì sun ni.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2013, Detroit bá New York Jets ṣe eré ìmúrasílẹ̀ àkọ́kọ́. Eré kò tíì jìnnà nígbà tí Mark Sanchez, ajubọ́ọ̀lù New York, ju bọ́ọ̀lù kan. Ansah na ọwọ́, ó já a gbà lójú òfuurufú, ó sì sáré ọ̀pá 14 wọ ilé wọn. Pápá hó yèè. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ti rí ìràwọ̀.

Ẹ wò ó, eré sísá ọ̀pá 14 yẹn kọ́ ni ó jẹ́ ìyanu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sá a. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ nìyí: ẹ̀tàn kan ni àwọn New York ń ṣe. Wọ́n a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ etí ìlà kọjá, bí ẹni pé wọn kò lè dá a dúró. Inú rẹ̀ yóò dùn, yóò máa sáré bọ̀ wá bá ajubọ́ọ̀lù. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó dé, ajubọ́ọ̀lù yóò ju bọ́ọ̀lù rọra kọjá lórí rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan tí ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òmìrán yóò sì ti wà níwájú ẹni náà láti la ọ̀nà fún un. Ọmọ tuntun ni ìdẹkùn yìí sábà máa ń mú. Ansah, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀ eré náà, rí i pé ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún òun ti gbòòrò jù, kò sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá lórí òun. Ojú tó rí ìdẹkùn ni ó yẹ kí a yìn, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó sáré.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé eré ìmúrasílẹ̀ dà bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ ohun tí mo ń wí. Èyí tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ó tóbi. Ẹni tí kò mọ ọjà yóò sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ ọjà yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò wo omi tí ń jò nídìí apẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ tuntun já gbà, ajubọ́ọ̀lù tí ó gbé ṣánlẹ̀, orí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà. Báwo ni a ṣe ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a wo ẹni tí ó ń bá jà. Nínú eré ìmúrasílẹ̀, àwọn ògbólógbòó kì í pẹ́ lórí pápá. Wọ́n a ṣe díẹ̀, wọ́n a lọ jókòó. Lẹ́yìn náà, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò wọlé, títí yóò fi kan àwọn tí wọ́n máa lé lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọmọ tuntun bá gbé ènìyàn mẹ́ta ṣánlẹ̀ ní ìparí eré, ẹ béèrè pé ta ni ó dí i lọ́nà. Ohun kejì ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá mira, ṣé òun ni ó kọ́kọ́ gbéra àbí ó ń wo ojú ẹlòmíràn? Ohun kẹta ni ọwọ́. Agbára nìkan kò tó. Ṣé ó mọ bí a ti ń gbọn ọwọ́ ọ̀tá kúrò láyà, àbí ó kàn ń forí ti ògiri? Ohun kẹrin, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ni ohun tí ó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù bá gba ìhà kejì lọ, tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ṣé ó dúró tó ń mí, àbí ó sáré la pápá kọjá lọ bá ẹni tó gbé e? Ohun karùn-ún ni ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ kìíní, àwọn ọ̀tá ti wò ó nínú àwòrán. Ṣé ó ní òmíràn lápò?

Kí a sì rántí pé àwọn olùkọ́ni kì í tú gbogbo ọgbọ́n wọn jáde ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ń fi pamọ́ di oṣù kẹsàn-án. Ìdánwò tí a ṣe fún ọmọ tuntun nígbà náà fúyẹ́ ju èyí tó ń bọ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti rí irú èyí rí. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, olùkọ́ tuntun méjì dé ní ọdún kan náà. Ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò dé, kíláàsì ẹni àkọ́kọ́ ń dún bí agogo. Gbogbo ọmọ ń nawọ́, gbogbo ìdáhùn ń bọ́ sí i. Ti ẹnì kejì dákẹ́. Ọmọ kan ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, olùkọ́ náà sì dúró tì í, ó ń bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi rí ibi tó ti ṣì í. Alábẹ̀wò àgbàlagbà náà kọ ọ̀rọ̀ rere nípa ẹnì kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ti mọ ìdáhùn kí òun tó dé. Ti èkejì, òun rí iṣẹ́ lójú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí pápá. Báwo ni ti Ansah ṣe já sí? Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ náà, ó gbé ajubọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀ nígbà 8. Ní 2015 ó di ìgbà 14 àti ààbọ̀. Ààbọ̀ yìí ni ti èyí tí ènìyàn méjì bá jọ mú, tí wọ́n sì pín. Ojú tó rí ìdẹkùn ní oṣù kẹjọ kò tan ni jẹ.

Ṣùgbọ́n iye nìkan a máa tan ni. Odafe Oweh, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà fún àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà, kò gbé ajubọ́ọ̀lù kankan ṣánlẹ̀ ní ọdún 2020, èyí tó lò kẹ́yìn ní ilé-ìwé gíga Penn State. Òdo ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ Baltimore Ravens mú un mọ́ àwọn àṣàyàn àkọ́kọ́ ní 2021. Nínú eré kejì rẹ̀ ní líìgì, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Kansas City nígbà tí eré ń parí lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí pẹ̀lú 36 sí 35. Ní ìdàkejì, ẹni kẹfà tí wọ́n mú ní 2008, Vernon Gholston, ní ara bí ère tí a gbẹ́; ó lo ọdún mẹ́ta ní New York Jets láìgbé ẹyọ ajubọ́ọ̀lù kan ṣánlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tiwa, Adewale Ogunleye, kò rí ẹni tó mú un ní ọjọ́ ìṣàyàn ọdún 2000, nítorí orúnkún rẹ̀ ti ṣèṣe ní ilé-ìwé gíga Indiana. Miami Dolphins gbà á wọlé láìsí ariwo. Ní 2003, ìgbà 15 ni ó gbé ajubọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ 16 tó wà ní ìhà tiwọn nínú líìgì.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti Efe Obada, nítorí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí mo wà lọ́hùn-ún gan-an. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i ní 1992. Nígbà tó di ọmọ ọdún 10, wọ́n kó òun àti arábìnrin rẹ̀ láti Netherlands lọ sí London, ẹni tó kó wọn lọ sì já wọn jù sílẹ̀ ní ìgboro. Ọwọ́ àwọn alágbàtọ́ ni ó dàgbà sí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kí ó tó mọ eré yìí ní ẹgbẹ́ London Warriors ní 2014, eré 5 péré ni ó sì gbá níbẹ̀ kí Dallas Cowboys tó pè é ní 2015. Wọ́n dá a sílẹ̀. Kansas City dá a sílẹ̀. Atlanta dá a sílẹ̀. Ní 2017 ó dé Carolina Panthers nípasẹ̀ ètò tí líìgì náà dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì fi odidi ọdún kan dánra wò láìwọ pápá. Nítorí náà, eré oṣù kẹjọ ọdún 2018 kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún un rárá. Òun ni eré náà gan-an. Ó wọ inú àwọn 53. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, nínú eré líìgì àkọ́kọ́ tó gbá láyé rẹ̀, ó gbé ajubọ́ọ̀lù Cincinnati ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi í jẹ adènà tó dára jù lọ́sẹ̀ náà ní ìhà tiwọn. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́.

Irú ìtàn báyìí ni ó ń mú orí àwọn ọmọ wa gbóná ní Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, NFL ṣe ibùdó ní Accra, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Osi Umenyiora, ẹ̀ṣọ́ etí ìlà tó gba ife ńlá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants, wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ gíga gbogbo ti ń na ọrùn.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ àbúrò mi obìnrin. Àbúrò mi ń ta ata ní Mile 12, bàbá ọmọ náà sì ti ṣaláìsí. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń tẹrí wọ ilé mi. Ní 2023, ọkùnrin kan kó wọn jọ sí pápá kan, wọ́n gbá eré kan ṣoṣo, ọkùnrin náà sì wá bá ìyá rẹ̀ pé ìràwọ̀ ni ọmọ yìí, kí ó wá ₦800,000 wá, òun yóò mú un dé Amẹ́ríkà. Àbúrò mi ti fẹ́ kó èsúsú rẹ̀, ó sì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti gbé ìsọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wá bá mi ní Ogudu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ eré yìí. Ẹ wò ó fún mi.”

Mo gba fóònù, mo wo eré náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà gbé ènìyàn mẹ́ta ṣánlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó dí i lọ́nà kò tó o léjìká, aṣọ ààbò kò sì bá wọn mu. Nígbà tí eré fẹ́ parí, ó ń rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀tàn fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wọlé. Àmọ́ mo rí ohun kan: nígbà kan tí bọ́ọ̀lù gba ìhà kejì lọ, ó sáré la gbogbo pápá kọjá, ó sì lé ẹni náà bá létí ìlà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́, nínú pálọ̀ mi.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Ọmọ rẹ ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kò tó ohun tí a ń ta ìsọ̀ lé lórí.” Mo ní kí ọkùnrin náà mú ìwé wá tó fi orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ilé-ìwé tó fẹ́ gbà á hàn, kí àwa fúnra wa kọ̀wé sí wọn, kí owó dúró títí èsì yóò fi dé. Mo ní kí ọmọ náà tún ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ṣe, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni Ansah, Oweh àti Ogunleye gbà wọlé. Inú ọmọ náà bàjẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé mi. Ìyá rẹ̀ pàápàá wò mí bí ẹni tó dí ọmọ òun lọ́nà. Ọkùnrin náà ní òun yóò mú ìwé wá lọ́jọ́ Ajé. Títí di òní, ọjọ́ Ajé náà kò tíì dé. Ìsọ̀ àbúrò mi ṣì wà ní Mile 12. Ọmọ náà ti gba ìwé rẹ̀, ó sì ń dánra wò láràárọ̀. Nígbà tó bi mí ohun tí òun yóò máa kọ́, mo ní kí ó kọ́ bí a ti ń mọ ìlẹ̀kùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣí sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá tajà rẹpẹtẹ ní ọjọ́ kẹta tó dé, ẹ yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ọjọ́ ọdún ni. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ bá kọsẹ̀ níwájú alábẹ̀wò, ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìkọsẹ̀ náà kí ẹ tó kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń bá jà, ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí kò sí ojú lára rẹ̀, kí ẹ sì dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ tó bá ní iṣẹ́ nínú yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà dé.